Ẹ Gba Ìwé Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́: Ìpè sí Onílé àti Ayálégbé ní Èkó

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fésì-mi-mo-fésì-ẹ ní Mushin, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú fúláàtì ní Ìyànà-Ìpájà, ẹ̀yin onílé tí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé onílé kan yọ páànù orí ilé kí ayálégbé lè kó jáde, tàbí pé ayálégbé kan jókòó ti onílé fún ọdún méjì láìsan kọ́bọ̀. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ìwé wo lẹ jọ kọ?" ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni." Àwọn mìíràn á ní, "Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí nǹkan kan, mi ò kà á." Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dùn mí jù.

Bàbá mi ò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó ní agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rísíìtì owó ilé láti ọjọ́ tí ó ti kó dé Ṣómólú ló wà nínú rẹ̀, ó fi rọ́bà dì wọ́n ní ọdọọdún. A máa ń fi agolo yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí onílé wa kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún, èyí tí ilé wa bọ́ sí lọ́wọ́ wá bá wa ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní a jẹ owó ọdún kan àti ààbọ̀. Ó mú ọkùnrin méjì dání tí a ò mọ̀ rí. Bàbá mi ò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé agolo rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to rísíìtì sórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó tò ó dé èyí tí olóògbé fọwọ́ sí kẹ́yìn, àwọn ọkùnrin méjèèjì ti rìn jáde lọ sójú títì. Ọmọ onílé náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọn ò sọ fún mi." Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ ṣíṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: òfin wà, ó sì gbè wá, àtonílé àtayálégbé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ ló tètè máa ń gbè.

Ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lu òfin tó ń darí ilé gbígbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin yìí kò sọ iye tí onílé yóò gbà lórí yàrá kan. Ọjà ló ń sọ ìyẹn. Ohun tó sọ ni bí a ó ṣe gba owó náà, bí a ó ṣe bá ara wa gbé, àti bí a ó ṣe pínyà. Ó yọ àwọn àdúgbò kan sílẹ̀: Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ó tún yọ ilé tí ilé-ìwé fún òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àti ibùgbé inú ọsibítù. Tèmi ò bá ìyọsílẹ̀ Apápá mu, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ní owó lọ́yà, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ní Ìbàfò, Mówe tàbí Ọ̀tà, tí ẹ ń sọ fún àwọn èèyàn yín nílé pé Èkó lẹ wà, ẹ rántí pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Òfin Èkó kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n tú irọ́ kan ká. Àwọn onílé kan máa ń sọ pé nígbà tí kò sí àgírímẹ́ǹtì, kò sí ayálégbé, àwọn lè lé onítọ̀hún nígbàkígbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tí ẹ sì jẹ́ kó wọlé, òfin ti kà á sí pé àdéhùn wà láàárín yín, ì báà jẹ́ ti orí ìwé, ì báà jẹ́ ti ẹnu, ì báà jẹ́ ìdajì-ìdajì. Ayálégbé ni ẹni náà, ẹ̀tọ́ ayálégbé ló sì ní. Ṣùgbọ́n kí ayálégbé má yọ̀ jù. Òfin gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ àdéhùn, kò wá sọ pé adájọ́ yóò gba ohunkóhun tí ẹ bá sọ gbọ́. Bí onílé bá ní oṣooṣù lẹ jọ ṣe é, tí ẹ̀yin ní ọdọọdún ni, ta ni yóò jẹ́rìí? Bí àdéhùn bá sì ju ọdún mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́ rárá, ìwé gidi tí lọ́yà ṣe ni ẹ nílò.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé náà? Orí orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń gbà wọlé. Orúkọ ẹni tó nilé gan-an ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe "Bàbá Ṣadé". Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ mọ ẹni tí ẹbí yàn pé kó máa gba owó. Bó bá jẹ́ ajẹ́ǹtì, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ tí onílé fún un hàn yín. Ní àdúgbò wa, ẹni mẹ́ta ló kó ẹrù dé ẹnu ilẹ̀kùn fúláàtì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà. Ajẹ́ǹtì kan náà ló gba owó wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé fíríìjì gorí àtẹ̀gùn kí ìkejì tó dé.

Lẹ́yìn orúkọ, ohun tí ẹ ń yá. Ẹ má kọ "yàrá àti pálọ̀" kí ẹ dákẹ́. Kíṣìnnì ńkọ́? Ẹ jọ ń lò ó ni àbí ti yín nìkan ni? Ibi tí ẹ ó gbé mọ́tò sí ńkọ́? Ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fa omi sínú táǹkì? Ta ló ń san owó pàǹtírí, ta ló ń san owó ọlọ́dẹ? Mítà iná pàápàá, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wọlé tán kí wọ́n tó mọ̀ pé gbèsè ayálégbé àtijọ́ ń dúró dè wọ́n. Iye owó ilé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye àkókò tí ẹ ó fún ara yín bí ọ̀kan bá fẹ́ kí ìyálégbé náà parí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Kí onílé fọwọ́ sí i, kí ayálégbé fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ ṣe é ní méjì, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan lọ. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò bá yé yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tẹ́lẹ̀, bó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń san, oṣù mẹ́fà ni ó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ọdọọdún, ọdún kan. Ẹni tó bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló ń dúró dè é. Ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ o: kì í ṣe onílé nìkan ni òfin bá wí. Ayálégbé tó ka owó ọdún méjì sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́ ti rú òfin bíi ti ẹni tó gbà á. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ọdún méjì, ẹ ṣáà fún mi nílé náà," ẹ dẹwọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọdún kan wo? Ká ní ₦600,000 ni owó ilé. Ajẹ́ǹtì yóò gba ìdá mẹ́wàá, lọ́yà yóò gba ìdá mẹ́wàá lórí àgírímẹ́ǹtì, kọ́ṣọ̀n fíì, ìyẹn owó ìdúró lórí ìbàjẹ́, yóò gba ₦100,000. Ó ti di ₦820,000 kí ẹ tó ra búláàbù. Àròyé yín tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin ò fi kọ́ṣọ̀n fíì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Onílé tó bá gba owó ìdúró lórí ìbàjẹ́ tàbí sáfíìsì ṣájì lọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ rísíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà nípa bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó jẹnẹrétọ̀ àti owó omi ní ẹ́síteètì, ìgbà wo ni ẹ béèrè àkọsílẹ̀ yẹn kẹ́yìn? Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Mo padà sórí agolo bàbá mi. Òfin pa á láṣẹ fún onílé pé bó bá ti gba owó ilé, kó kọ rísíìtì. Rísíìtì náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà dúró fún. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ máa ń gbàgbé. "Received with thanks" kò sọ bóyá owó ọdún tó kọjá ni àbí tèyí tó ń bọ̀. Onílé tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ lè san ìtanràn ₦10,000. Owó kékeré ni lónìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin. Bí ẹ bá fi fóònù sanwó sí báńkì, ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún síbi àlàyé, kí ẹ sì tún gba rísíìtì. Áláàtì báńkì fi hàn pé owó lọ. Kò fi hàn pé owó ilé ni.

Ìdí tuntun tún wà tí rísíìtì fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Òfin owó-orí tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, gbà kí ayálégbé yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọn yóò ṣírò owó-orí lé lórí, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ẹ ò lè sọ fún ọ̀gá owó-orí pé ẹnu lẹ fi sanwó. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè.

Nínú ilé náà ńkọ́? Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí ìfọ̀kànbalẹ̀. Onílé kò lè máa já wọ yàrá rẹ̀ nítorí pé "ilé mi ni". Bó bá fẹ́ wo bí ilé ti rí, kó kọ̀wé ṣáájú, kó sì wá lọ́sàn-án. Kò gbọdọ̀ gé iná, kò gbọdọ̀ ti kànga pa, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè. Ìta ilé àti ibi tí gbogbo èèyàn jọ ń lò, onílé ni yóò tún un ṣe. Inú ilé, ayálégbé ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má wó ògiri, ẹ má fi ilé náà yá ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Bí ògiri bá sì ń sán, ẹ sọ fún un kí ó tó wó. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe pẹ̀lú àṣẹ onílé lórí ìwé lè béèrè owó rẹ̀ bó bá ń kó lọ. Ẹni tó ṣe é láìgbàṣẹ, ẹ̀bùn ló fi ta onílé.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ ni kúìtì nótíìsì, ìyẹn ìwé pé kí ayálégbé kó jáde, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ níbẹ̀. Bí àdéhùn yín kò bá sọ iye ìgbà, òfin ti sọ ọ́: ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n "bí àdéhùn yín kò bá sọ" ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Bí ìwé tí ẹ kò kà bá sọ pé oṣù kan tó, oṣù kan náà ni ilé-ẹjọ́ yóò mú. Mo ti rí àgírímẹ́ǹtì ayálégbé ọlọ́dọọdún tó kọ ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin náà ń sunkún lójú mi pé òfin ní oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí kúìtì bá pé tí ayálégbé kò kó, iṣẹ́ onílé kò tíì parí. Yóò tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sílé-ẹjọ́. Bó bá jẹ́ pé àdéhùn ọlọ́jọ́-pàtó ni, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti pé, kò sí kúìtì mọ́, ìwé ọlọ́jọ́ méje yẹn nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́. Adájọ́ nìkan ló lè ní kí ayálégbé jáde, bẹ́líìfù ilé-ẹjọ́ ni yóò sì mú àṣẹ náà ṣẹ. Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹni, ẹ má yọ páànù, ẹ má rán àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ má halẹ̀. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé tàbí tó gbìyànjú rẹ̀ lè san tó ₦250,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹjọ́ tí ẹ ì bá jàre tẹ́lẹ̀ yóò di èyí tí ẹ jẹ̀bi.

Mi ò ní ṣàì bá ẹ̀yin ayálégbé alárékérekè wí. Ẹ mọ ara yín. Ẹ kò sanwó, ẹ sì ń wá ẹ̀bi nínú kúìtì: ọjọ́ kò pé, orúkọ kò pé, wọn ò fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́. Ayálégbé olóṣooṣù tó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, òfin kà á sí pé ìyálégbé rẹ̀ ti parí. Ilé-ẹjọ́ lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní February 2021, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan láàárín ayálégbé àti onílé tó ti ń jà bọ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Adájọ́ Helen Ogunwumiju, tó ka ìdájọ́ náà, la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pé àṣìṣe inú kúìtì kò yẹ kó sọ ayálégbé tí kò sanwó di onílé; ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n fi jíṣẹ́ fún un ti tó láti mọ̀ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀.

Owó ilé tó fò sókè lójijì náà ní ojútùú. Ayálégbé tó wà nínú ilé lè lọ bá ilé-ẹjọ́ pé àfikún náà ti pọ̀ jù. Adájọ́ yóò wo iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà, yóò gbọ́ ẹlẹ́rìí, yóò sì wo ohun tó jẹ́ àkànṣe nínú ọ̀ràn náà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ má ṣíwọ́ sísan ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó jẹ gbèsè kò rójú sọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ níwájú adájọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ló sì nílò adájọ́. Ibùdó Ìlàjà Aráàlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ń parí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí lọ́yà. Ẹ ó kọ ẹ̀sùn, wọn ó pe ẹnì kejì, ẹ ó jókòó sídìí tábìlì kan náà, ohun tí ẹ bá fi ẹnu kò lé lórí, wọn ó kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò lówó lọ́yà tún lè lọ sí Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Aráàlú, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wá ìwé ilé yín jáde, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà kúìtì sí. Bí ẹ kò bá ní ìwé kankan, ẹ lọ bá onílé yín lọ́la, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ rísíìtì ọdún yìí." Ẹ̀yin onílé, bí wọ́n bá béèrè, ẹ kọ ọ́ fún wọn.